Ẹ Bi Wá: Kíbọ́ọ̀dù wo ni kí n rà mọ́ láptọ́ọ̀pù mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ níbí ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti bí ọdún mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní FUTA bá mi fi Pianoteq, áàpù tó ń dún bíi píánò, sórí láptọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n fi ń dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, mo so kíbọ́ọ̀dù ilé wa tó ní kíì 61 mọ́ ọn, háà, ohùn yẹn dùn débi pé ìyá mi yọjú wá wo ẹni tó gbé píánò wọlé. Àmọ́ àwọn kíì kan ò dún rárá, tó bá sì ti di 20 ìṣẹ́jú gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, mo ní kíbọ́ọ̀dù ti kú nìyẹn. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ láti ra òmíì. Níbi tí mo lọ wò ó, ẹni tó ń tà á gbé méjì síwájú mi, owó wọn ò jìnnà síra: ọ̀kan ní kíì 61, ohùn inú ẹ̀ lé ní 600, ó ń tan iná yinrinyinrin, ìkejì ní kíì 88, ohùn mẹ́wàá péré, kò sí fááàrí kankan lára ẹ̀. Ó ní ti àkọ́kọ́ ni kí n gbé. Èwo lẹ rò pé kí n rà? RAM láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ 8GB. (Ọmọ Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ná, kíbọ́ọ̀dù yín ò kú. Bí wọ́n ṣe ṣe Pianoteq ọ̀fẹ́ nìyẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa àwọn kíì kan lẹ́nu mọ́, wọ́n sì ní kó máa dákẹ́ tó bá ti di 20 ìṣẹ́jú, kó o lè lọ sanwó ni. Torí náà má tìtorí ìyẹn sáré náwó o.

Tó bá jẹ́ pé o ṣì fẹ́ rà, gbé kíì 88 yẹn jàre. Mi ò bá ẹni tó ń tajà jà, ọjà ẹ̀ ló ń tà, àmọ́ ìwọ tó jẹ́ pé inú láptọ́ọ̀pù ni ohùn ẹ ti ń wá, kí lo fẹ́ fi ohùn 600 ṣe? Ọbẹ̀ ti wà nílé, o wá ń lọ ra ọbẹ̀ ní búkà, nígbà tó jẹ́ pé àwo lo ò ní. Kébù tó o fi so ó yẹn ò gbé ohùn kankan, iṣẹ́ ló ń jẹ́: kíì wo lo tẹ̀, báwo lo ṣe tẹ̀ ẹ́ le sí (ó máa ń fi nọ́ńbà sọ ọ́, láti 1 dé 127), ìgbà wo lo gbọ́wọ́ kúrò. MIDI ni wọ́n ń pe èdè yẹn, láti 1983 ni àwọn tó ń ṣe dùùrù ti jọ ń lò ó, ìyẹn ló jẹ́ kí Yamaha, Casio, Roland, gbogbo wọn gbọ́ra wọn yé. Ó dà bíi bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà, ìta lọwọ́ ẹ wà, inú ilé ló ti ń dún.

Ibi tó yẹ kówó ẹ lọ wá ni kíì fúnra ẹ̀. Kíì kíbọ́ọ̀dù ilé yín fẹ́lẹ́, sípíríǹgì ló ń gbé e sókè, ká sòótọ́ ó dáa fún orin ìyìn torí ọwọ́ máa ń yá lórí ẹ̀. Àmọ́ tó o bá fi tẹ ohùn píánò gidi, bóyá kó máa pariwo tàbí kó máà gbọ́ ẹ rárá, àárín ló máa ń ṣòro. Èyí tí wọ́n ń pè ní weighted hammer action ní òòlù kékeré lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wúwo díẹ̀ lápá òsì tí ohùn ti nípọn, kó wá máa fúyẹ́ bó o ṣe ń lọ sápá ọ̀tún, bíi ti píánò onígi gan-an. (Bartolomeo Cristofori, ará Ítálì tó ṣe píánò ní nǹkan bí 1700, ohun tó ń wá náà nìyẹn, dùùrù tí ọwọ́ ẹ lè mú kó rọra sọ̀rọ̀ tàbí kó pariwo.) Yamaha P-45, Casio CDP-S110 àti Roland FP-10, irú kíì yẹn ni gbogbo wọn ní. Ti Roland ló wù mí jù lọ́wọ́, kí n má purọ́, àmọ́ tó o bá fẹ́ mọ èyí tó bá Àkúrẹ́ mu, Casio yẹn ni, torí bátìrì kékeré AA mẹ́fà lè gbé e. Wọ́n múná lọ, láptọ́ọ̀pù wà lórí bátìrì tiẹ̀, dùùrù wà lórí tiẹ̀, ìwọ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò ní sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Wọ́n á fi èyí tí ò ní ohùn nínú rárá hàn ẹ́, controller ni wọ́n ń pè é, inú láptọ́ọ̀pù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹ iná. Ìyẹn dáa nílé. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù ń bà mí fún ẹ, kí láptọ́ọ̀pù lọ dì pa nígbà tíjọ ń jó bọ̀ wá síbi ọrẹ, kí lo máa ṣe? Ohùn mẹ́wàá yẹn ló máa gbà ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Má sanwó lójú ẹsẹ̀ o, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Gbé láptọ́ọ̀pù àti kébù ẹ lọ, irú kébù tí wọ́n fi ń so prínítà mọ́ kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn, kọ́kọ́ wo ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Rọra tẹ kíì kọ̀ọ̀kan, gbogbo 88 o, bí ẹni ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Mo ra ọ̀kan báyìí lọ́dún kan, orin kan péré ni mo fi dán an wò, inú mi dùn, ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé kíì méjì wà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ pẹ̀lẹ́, bó ti wù kó o rọra fọwọ́ kàn án, 127 ló ń sọ, ó ń já bí ìgbà tí wọ́n gbá ilẹ̀kùn. Ìdọ̀tí tàbí rọ́bà tó ti gbó lábẹ́ kíì ló máa ń fà á. Owó tí mo fi tún un ṣe, ẹ jẹ́ á fi síbẹ̀.

RAM 8GB tó fún Pianoteq, torí kò gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wá, ìṣirò ló fi ń dá ohùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kéré. Àwọn tí wọ́n gba ohùn píánò gidi sílẹ̀ kíì lẹ́yìn kíì ló máa ń jẹ àyè tó ọ̀pọ̀ GB, ìyẹn ń fẹ́ SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára nínú láptọ́ọ̀pù). Tó bá jẹ́ Windows lo ń lò, wá ASIO4ALL, áàpù kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn tètè jáde, ọ̀fẹ́ ni, kó o wá fa buffer (ìwọ̀n ohùn tí láptọ́ọ̀pù ń kó jọ kó tó sọ ọ́ jáde) wálẹ̀ sí 128 tàbí 256, torí 1024 nìkan á fi bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 23 dá ohùn dúró, ọwọ́ ẹ á sì mọ̀ ọ́n. Tó bá wálẹ̀ jù tó ń ta pàrà-pàrà, gbé e sókè díẹ̀. Ohùn méjì á máa jáde pa pọ̀, ti dùùrù àti ti láptọ́ọ̀pù, pa Local Control (ohun tó ń jẹ́ kí kíì mú ohùn inú dùùrù fúnra ẹ̀ dún) tàbí kó o yí fólúùmù dùùrù wálẹ̀ pátápátá. Inú láptọ́ọ̀pù ni kó o ti so ohùn lọ sí míkísà o, kì í ṣe inú dùùrù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń fi kíbọ́ọ̀dù kékeré àti áàpù píánò orí fóònù kọ́ orin, sípíkà Bluetooth la sì ń lò. Tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí ohùn á pẹ́ kó tó jáde, ọmọ ti ń sunkún pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni? (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Òǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ má pààrọ̀ ẹ̀, Mà. Sípíkà Bluetooth yẹn ni, ó máa ń dá ohùn dúró kó tó sọ ọ́ jáde, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin lásán ẹ ò lè mọ̀, àmọ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù á mọ̀. Ẹ fún un ní íyàpíìsì oníwáyà, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyà so sípíkà yẹn mọ́ fóònù tó bá ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Kẹ́ ẹ sì bá mi bẹ ọmọ náà, òun kọ́ ló jẹ̀bi.