Wọ́n ní iṣẹ́ ímeèlì láti ilé ò ní wàhálà: ṣé òótọ́ ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyànà-Ìpájà ni mò ń gbé, Broad Street lórí Áílàǹdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì lọ́yà ni. Èmi ni mò ń gba àlejò, èmi náà ni mo sì ń dáhùn ímeèlì wọn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, bí mo bá sì tètè dé lálẹ́, aago mẹ́jọ ti kọjá. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́ta, màmá mi ló ń pè ní mọ́mì. Mo gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń wá ẹni tí yóò jókòó sílé tí yóò kàn máa fèsì ímeèlì, pé iṣẹ́ náà ò le rárá. Ẹnì kan fi ìkéde ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ₦15,000 ni owó fọ́ọ̀mù. Ṣé kí n san án? Bí kì í bá ṣe èyí, ibo ni mo ti lè rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní pa mí? Àbúrò yín, Ìyá Ayọ̀.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má san án o. Ká ṣírò ó: bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá san ₦15,000, ₦1,500,000 ti wọ àpò ẹni tó kọ ìkéde yẹn kó tó jẹun ọ̀sán, láìní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wá òṣìṣẹ́ lóòótọ́, òun gan-an ló ń náwó wá a. Kódà àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá èèyàn nílùú yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bi ẹni tó fi ìkéde náà ránṣẹ́ pé kó fi tirẹ̀ hàn ọ́, kí o sì wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn.

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, àmọ́ èmi á sọ fún ọ, torí pé àwọn kan wà tí wọn ò ní gba owó fọ́ọ̀mù. Wọ́n á fún ọ níṣẹ́, wọ́n á ní kí o máa gba owó sínú àkáǹtì rẹ, kí o yọ díẹ̀ bí owó iṣẹ́, kí o fi ìyókù ránṣẹ́ síbòmíràn. Owó tí wọ́n lù ní jìbìtì ni. Lọ́jọ́ tí EFCC bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé, orúkọ tìrẹ ni wọn yóò bá nínú ìwé báńkì. Àwọn mìíràn á ní kí o yá àwọn ní àkáǹtì rẹ lórí Upwork tàbí LinkedIn, ibi tí èèyàn ti ń wá iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn á máa san owó oṣù lé e. Má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá sì béèrè nọ́ńbà OTP tó wọ fóònù rẹ, kò yẹ kó tún rí èsì kejì gbà.

Ní ti pé iṣẹ́ náà ò le rárá: ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Yábàá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, láti ilé mi ní Sùúrùlérè, mò ń darí àwọn méje tí wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn. Àwọn lẹ́tà tó rọrùn ti tán lọ́wọ́ wa. "Aago mélòó lẹ ń ṣí?" "Báwo ni mo ṣe máa yí password mi padà?" Ẹ̀rọ ló ń dáhùn irú wọn báyìí kí ojú èèyàn tó kàn án. Èyí tó ń já sí wa lọ́wọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ ò rí ojútùú rẹ̀, tí inú ẹni tó kọ ọ́ sì ti ń ru.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ọ́. Obìnrin kan kọ̀wé láti London: "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń kọ̀wé sí yín. Ẹ yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí ni mo fẹ́ ẹ." Ẹni tó rò pé ká ṣáà ti fèsì ni iṣẹ́ náà á kọ "Ẹ má bínú, a ó wò ó", á sì kọjá lọ sórí èyí tó kàn. Obìnrin yẹn á kọ ẹ̀ẹ̀kẹrin, yóò sì kọ ọ́ sórí Facebook pẹ̀lú. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ka lẹ́tà méjì tó ti kọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà tún bi í ní ohun tó ti sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá ṣí àkọsílẹ̀ ọjà tó rà. Nígbà míì, owó jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, a ó sì dá ọ̀kan padà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹyọ kan ló wọlé sọ́dọ̀ wa. Èkejì, báńkì rẹ̀ ló kàn so ó mọ́lẹ̀ nígbà tí káàdì kọ́kọ́ kọ̀, yóò sì tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ò jọra rárá. Bí o bá ṣèlérí owó tí kò sí lọ́wọ́ yín, ìjà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo ti dá sílẹ̀ yẹn. Èsì tó dáa kì í gùn: ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé, ohun tí mo ti ṣe rèé, ọjọ́ tí ẹ máa rí owó yín rèé, bí ẹ ò bá rí i lọ́jọ́ náà, ẹ fèsì sí lẹ́tà yìí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò dé.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn á ṣe ìyẹn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lọ́dọ̀ tiwa, ogójì sí ọgọ́ta lẹ́tà ni ẹnì kan ń yanjú lójúmọ́, a sì ń wo bí èsì àkọ́kọ́ ṣe yá tó àti ohun tí oníbàárà sọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó-jẹun.

Àmọ́ kò le bíi ríru búlọ́ọ̀kù náà. Ohun tó ń mú un fúyẹ́ ni àwọn èsì tí a ti kọ sílẹ̀. Zendesk, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń dáhùn oníbàárà, ń pe tirẹ̀ ní macro, Gmail ń pe tirẹ̀ ní template. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́tà tí a ti fara balẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan ni, tí o kàn máa pè jáde, tí o máa fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀, tó sì ní ìwé tó to ìlànà ọjà wọn lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ ni ara ti ń tuni. Èyí tí gbogbo ìlànà rẹ̀ wà lórí ọ̀gá, tí o ní láti máa bi í léèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, lẹ́tà mẹ́wàá péré á rẹ̀ ọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bi wọ́n: "Mélòó nínú èsì yín ló ti wà nílẹ̀? Ta ló ń tún wọn ṣe?" Ìbéèrè yẹn nìkan á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o mọ iṣẹ́.

Irú iṣẹ́ náà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni kí o máa bójú tó ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní virtual assistant. Lẹ́tà ibẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ lè rántí ohun kan laago mẹ́wàá alẹ́ kó sì fi ránṣẹ́, ìwọ náà ò sì ní rí oorun sùn. Èkejì ni ti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń dáhùn oníbàárà. Lẹ́tà pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àkókò rẹ bá ti pé, o pa láptọ́ọ̀pù dé, ẹlòmíràn bọ́ sí i. Fún ìyá ọmọ ọdún mẹ́ta, èkejì yìí ni mo fara mọ́.

Aago ìlú tí iṣẹ́ wà ṣe pàtàkì ju owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń kùnà. Aago tiwa kì í yí padà. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Èkó àti London ń lò. Ìyókù ọdún, wákàtí kan la fi ṣíwájú wọn. Ìyẹn dáa. New York ńkọ́? Wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà la fi ṣíwájú, nítorí náà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún tiwọn, aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ ni yóò ṣíwọ́ níbí. Ti California ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwọ á ṣíwọ́ laago kan tàbí méjì òru, Ayọ̀ á sì jí laago mẹ́fà. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ṣe é fún oṣù mẹ́rin. Owó rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò dáa. (Má sì rò pé o lè máa ṣe é kí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ṣì máa bẹ màmá.)

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ímeèlì kì í jẹ dátà púpọ̀ àfi bí ìpàdé fídíò bá wọ̀ ọ́. Ra láptọ́ọ̀pù àlòkù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB ní Computer Village, Ìkẹjà. Kí o tó sanwó, yọ ọ́ kúrò lára iná, kí o sì lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá ń bínú, kúrò níbẹ̀. Síìmù méjì ni kí o ní, kí wọ́n má sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Èmi ti rò pé mo gbọ́n tó lórí ìyẹn títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Síìmù mi méjèèjì dákú pọ̀, nítorí pé wáyà ibẹ̀ ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Hotspot ọmọ aládùúgbò mi tó ń lo Glo, tí wáyà tiwọn ò sí lára èyí tó já, ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ìrẹsì àti adìyẹ ni mo fi dúpẹ́.

Ibi tí o máa wá a: LinkedIn, Jobberman, We Work Remotely. Tẹ "email support" tàbí "non-voice customer support" síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ "non-voice" ti sọ pé kò sí fóònù. Kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n kọ ìlú sí kí o tó ka owó, torí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní remote, Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Upwork náà wà, àmọ́ ó ń ná owó kó tó mú owó wá: Connect ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, $0.15 ni ẹyọ rẹ̀, iṣẹ́ kan sì lè gba tó mẹ́wàá sí ogún. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ilé-iṣẹ́ tiwa ní Yábàá àti Lẹ́kí tó ń fi náírà sanwó. Wọ́n ń gba ẹni tó lè fèsì lẹ́tà àti chat, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbabẹ̀ kọjá sí ti òkè òkun.

Bí ti òkè òkun bá bọ́ sí i, wọn ò ní bá ọ yọ owó orí. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ fi ìwé rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LIRS, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 ò gba nǹkan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún.

Ohun tí ìwé rẹ ò mẹ́nu bà, tó sì jọ mí lójú jù, ni pé iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ lò ń dáhùn ímeèlì ọ́fíìsì lọ́yà. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ á bi ọ́ pé, "Ǹjẹ́ o ti ṣe é rí?" Ìwọ á sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, máa ṣàkọsílẹ̀ iye lẹ́tà tó wọlé lójúmọ́, iye tí ìwọ nìkan yanjú, àti bó ṣe pẹ́ tó kí o tó dáhùn. Kọ èsì mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn ìbéèrè tó máa ń wá lemọ́lemọ́, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìpàdé tàbí ìwé tí oníbàárà gbọ́dọ̀ mú wá. Má mú lẹ́tà oníbàárà kankan jáde o, ọ̀rọ̀ kóòtù ni. Àpẹẹrẹ tí ìwọ fúnra rẹ hun ni kí o fi han ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn oṣù kan, kó ìwé náà lọ bá ọ̀gá rẹ. Ní kó jẹ́ kí o máa dáhùn ímeèlì láti ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lórí láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, kí ẹ sì jọ wò ó bóyá nǹkan bàjẹ́. Bó bá gbà, o ti dín ọjọ́ méjì kù nínú ìrìn Ìyànà-Ìpájà sí Áílàǹdì, o sì ti rí ohun gidi kọ sínú CV rẹ. Bó bá kọ̀, àkọsílẹ̀ náà ṣì jẹ́ tìrẹ. Má ṣáà bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́yà tó ń sáré lọ sí kóòtù ò ní gbọ́ ohun tí ò ń wí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, ni kí o gbé e kalẹ̀.