Ẹ Bi Màmá: Wọ́n Ti Wẹ Ọmọ-Ọmọ Mi, Mi Ò Sí Níbẹ̀

Ẹ káàsán, Màmá. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, díkónì obìnrin sì ni mí nínú ìjọ wa ní Ìbàdàn. Àkọ́bí mi, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Manchester. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ mú ọkọ wá, ó sọ fún mi pé òun ti lóyún fún ọkùnrin náà rí, oyún náà sì bàjẹ́. Mo sunkún títí, mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyàwó pásítọ̀ wa pé kó bá mi fi sádùúrà. Ní ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Wọn ò dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó sì ti pè é lórí fóònù kílẹ̀ tó mọ́.

Ó bulọ́ọ̀kù mi láti ọjọ́ náà. Kò pè mí síbi ìgbéyàwó. Oṣù tó kọjá ni mo rí i lójú Facebook ìbátan wa kan pé ó ti bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì lọ wẹ ọmọ. Mo ti rán pásítọ̀ sí i, mo rán àbúrò bàbá rẹ̀, mo fi ẹsẹ Bíbélì lórí bíbọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá ránṣẹ́ láti orí nọ́ńbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá rẹ̀ ní àfi bó bá wá kúnlẹ̀ kóun tó rí ojú rẹ̀. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lẹ́ẹ̀mejì. Kànrìnkàn, òrí, àdí àgbọn, aṣọ ọmọ, gbogbo ẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?
Ìyá tó ń sunkún, Ìbàdàn

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibi “mo rán” ni ojú mi sì ń dúró sí. Ẹ rán pásítọ̀, ẹ rán àbúrò bàbá, ẹ rán ẹsẹ Bíbélì. Ẹ ò tíì rán ara yín. Ẹ bi mí léèrè ohun tó kù: látòkè délẹ̀ lẹ́tà yín, mi ò rí “má bínú” kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àgbà kì í bẹ ọmọdé, pé ìfẹ́ ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ ìyàwó pásítọ̀. Mo gbà, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n oyún tó bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí ọmọbìnrin ń sọ fún ẹni méjì. Ó gbé e lé yín lọ́wọ́, ó sì bá a láàárín ìjọ. Ẹ̀yin pè é ní kókó àdúrà, òun gbọ́ òfófó. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà ì bá gbọ́ òfófó. (Láàárín àwa onígbàgbọ́, ọ̀pọ̀ òfófó ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ àdúrà. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí àwọn kan tó ń ka ojú ìwé yìí rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Ọmọ mi kejì, ọkùnrin, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, ó ní aṣọ lòun fẹ́ máa rán. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, níwájú àlejò, mo ní ká ní mo mọ̀ ni, màlúù ni ǹ bá fi owó ilé ìwé rẹ̀ rà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó rọra gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Mo rò pé ó lọ ra mínírà tútù ni.

Ọdún mẹ́rin.

Gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo máa ń gba ohùn sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sáàmù, àdúrà, ìwàásù díẹ̀, ẹ̀gún díẹ̀ láàárín ìwàásù. Àmì méjì á yọ, kò ní di búlúù. Ìgbà tó yá ni àbúrò rẹ̀ sọ fún mi pé kì í gbọ́ wọn, pé ó ní, “Mọ́mì ń wàásù fún mi ni, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.” Inú bí mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́: “Ọ̀rọ̀ màlúù tí mo sọ lọ́jọ́ Kérésìmesì yẹn kò dáa. Mo dójú tì ọ́ níwájú àlejò. Má bínú.” Mi ò fi Àmín sí i. Oṣù márùn-ún kọjá kó tó fèsì: “Mo ti rí i, Mọ́mì.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró sídìí sítóòfù, ata ń jóná, mi ò mọ̀.

Ní ti bàbá wọn, ẹ bá mi ka 2 Sámúẹ́lì orí 13 àti 14 sí wọn létí. Ábúsálómù pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sá lọ sí Géṣúrì, ó lo ọdún 3 níbẹ̀. Wọ́n bẹ Dáfídì títí ó fi ní kí wọ́n mú ọmọ náà wálé, ṣùgbọ́n ó ní kó gba ilé ara rẹ̀ lọ, kó má fojú kan òun. Ọdún 2 gbáko ni bàbá àti ọmọ fi gbé Jerúsálẹ́mù kan náà láì ríra. Kí ọba tó wá fẹnu kò ó lẹ́nu, nǹkan ti bàjẹ́ nínú ọmọ yẹn. Orí 15 ni ẹ ó ti rí i tó ń dìtẹ̀. Ẹ̀bi Ábúsálómù pọ̀, ta ló ń jiyàn? Ọmọ tiyín ò pààyàn. Ẹsẹ tí ẹ sì ń fi ránṣẹ́ yẹn, Pọ́ọ̀lù tún un sọ nínú Éfésù orí 6. Ẹ kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ó bá tiwa ní ẹsẹ 4, pé ká má ṣe mú àwọn ọmọ wa bínú.

Bó bá jẹ́ èmi, ìwé ni màá kọ, pẹ̀lú bírò, kó má ju ojú ewé kan lọ. Màá sọ ohun tí mo ṣe gan-an: mo tú àṣírí rẹ, ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo jẹ̀bi. “Ṣùgbọ́n” kankan ò ní sí níbẹ̀. Ẹ má sì dárúkọ ọmọ-ọmọ. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ń ta yín lára, gbogbo ẹgbẹ́ yín ló ń gba físà àbẹ̀wò oṣù 6 lọ wẹ ọmọ ní Ìlú Ọba. Ẹ gbé e mì. Bó bá rí orúkọ ọmọ níbẹ̀, á ní torí ọmọ lẹ ṣe rántí òun. Ìbátan tí ẹ rí fọ́tò lójú Facebook rẹ̀, ẹ ní kó bi í bóyá yóò gba ìwé náà. Bó bá ní òun ò gbà á, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì yín.

Ẹ lọ bá ìyàwó pásítọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àdúrà ìjọ. Ààwẹ̀ yín dáa, inú yàrá ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á. Ẹ yọ síìmù mẹ́ta yòókù dànù. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ wa, tí a wá ń yọjú sí láti ojú fèrèsé, a ò jẹ́ kó sinmi ni.

Ó ṣeé ṣe kó má fèsì lọ́dún yìí. Mi ò ní fi “Olúwa á ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” tàn yín. Kànrìnkàn inú àpótí yẹn ò ní bàjẹ́. Òrí ló máa ń yí òórùn bó bá pẹ́. Ẹ fi para nígbà ọyẹ́, a ó ra òmíràn.

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Alàgbà ìjọ ni mí ní Òṣogbo. Ọmọ mi ọkùnrin ti di Mùsùlùmí nítorí ọmọbìnrin tó fẹ́. Mi ò lọ síbi yìgì wọn, a ò sì ríra mọ́. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù méje báyìí, àwọn àna sì ránṣẹ́ pé àwọn ń retí mi níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn alàgbà ẹgbẹ́ mi ní bí mo bá lọ, mo ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ṣé kí n lọ?

Ẹ lọ, bàbá. Ìyá bàbá tèmi, Àlájà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì máa ń rán aṣọ Kérésìmesì wa. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àgbò láti ìsinsìnyí kó tó wọ́n, kẹ́ ẹ sì mú orúkọ kan dání, torí wọ́n á ní kí bàbá bàbá sọ tirẹ̀. Ayọ̀mídé dáa. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ẹ má pẹ́.