Èsì: Zobo lára búbá funfun
Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní zobo dà sí búbá léèsì funfun yín, pé bí ẹ ṣe fi ọṣẹ kàn án báyìí, pupa náà di búlúù. Kò tíì bàjẹ́. Bí ọṣẹ ṣe máa ń ṣe àwọ̀ ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe zobo nìyẹn. Ẹ da omi tútù gba ẹ̀yìn aṣọ, kó lè ti àbàwọ́n náà jáde. Omi gbígbóná kọ́ o! Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ ó rí i tí yóò tún pọ́n; ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá ṣàn án dáadáa. Bílíìṣì ńkọ́? Èmi ò jẹ́ fi kan léèsì, ó lè sọ ọ́ di yẹ́lò. Ẹ má sì pò ó mọ́ ọsàn rárá, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ léwu. Títí àbàwọ́n yóò fi lọ tán, kí áyọ́ọ̀nù má kàn án.