Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "ìròyìn ò tó àfojúbà"?

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ Kátólíìkì Òṣogbo kọ ìbéèrè méjì ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan yọ̀ǹda ara wọn láti máa ran àwọn arúgbó lọ́wọ́ nígbà ìrìn-àjò mímọ́ sí Òkè Màríà ní Ọ̀tan Ayégbajú. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n pe ìpàdé lẹ́yìn Mísà kí kálukú wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan gba gbohùngbohùn, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹnu ò lè sọ ọ́. Ìròyìn ò tó àfojúbà." Ó bá jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ni olùdarí ètò bá ń là á yé ìjọ pé ohun tí òwe yẹn ń sọ ni pé oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń sọ síta, pé bí a tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kò lọ, kò lè yé e, kí olúwa rẹ̀ yáa máa tọ́jú owó ọkọ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Òǹbéèrè wá ní: ṣé bẹ́ẹ̀ ni òwe náà rí lóòótọ́? Ìkejì, kí ló dé tí àwọn ìyá ìjọ fi taku pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn tó ti àjò dé lómi mu kí wọ́n tó la ẹnu sọ ohunkóhun?

Inú bí mi nígbà tí mo kà á. N kò bínú sí ọmọ tó jókòó o. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ ojú èrò ló ń tì í. Ẹni tó ṣe àlàyé ni mo ń bá wí. Ó mú òwe tí àwọn baba wa fi ń yin ìròyìn, ó fi pa ìròyìn lẹ́nu mọ́.

Ẹ gbọ́ bí àwọn tó ni òwe ṣe ń lò ó. Wọ́n á sọ fún ọ pé lágbájá kọ́lé kan sí Ìkìrun, pé ilé náà dára. O gbọ́, o ní ó dáa. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ débẹ̀. O dúró lẹ́nu géètì, o gbé ojú sókè, o pa àtẹ́wọ́ pọ̀, o ní, "Háà! Ìròyìn ò tó àfojúbà!" Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ẹni tó gbọ́, tó gbéra, tó wá dé ibẹ̀ ni. Ta ló ń bá wí? Àwọn tó ròyìn fún un ni, ó ń sọ fún wọn pé ẹ gbìyànjú, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá níhìn-ín tún ju èyí tí ẹ sọ lọ. Ìyìn ni, ó sì ń gbè ẹni tó ròyìn lẹ́sẹ̀. Bí kò bá sí ìròyìn, kí ni onítọ̀hún ìbá wá débẹ̀ wá ṣe?

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, n kò sì ní yẹsẹ̀: ẹni tó lọ lẹ́yìn tó ti gbọ́ ló ni òwe yìí. Ẹni tó yẹ kó ròyìn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sá fún iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ títí, tó sọ gbogbo èyí tó lè sọ, tí àwọn èèyàn ṣì ń bi í, ó lè fi òwe náà pè wọ́n pé kí àwọn náà wá wò ó. Ṣùgbọ́n kí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí a sì fi parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ máa ń rí i lára pátákó ìpolówó, pé àwọn tó ń ta ilẹ̀ àti àwọn tó ń gbé eré jáde ń fi ṣe àsọkún. Wọ́n kúkú sọ ohun tí wọ́n ń tà àti iye tó jẹ́ kí wọ́n tó kọ òwe sísàlẹ̀.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ sínú Bíbélì. Ayaba Ṣébà gbọ́ òkìkí Sólómọ́nì ní ìlú rẹ̀. Ó di ẹrù lé ràkúnmí, ó rin ìrìn-àjò títí dé Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó rí ilé, tó rí oúnjẹ orí tábìlì, tó rí bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe dúró àti aṣọ tí wọ́n wọ̀, ó sọ fún ọba pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí òun gbọ́ ní ilẹ̀ òun, pé òun kò gbà á gbọ́ títí òun fi dé tí ojú òun fi rí i, pé wọn kò tilẹ̀ sọ ìdajì rẹ̀ fún òun. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 10. Bó bá jẹ́ ọmọ Òṣogbo ni ayaba yẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ tún wo àwọn ará Samáríà tí obìnrin tó bá Jésù pàdé létí kànga lọ pè wá. Wọ́n dé, wọ́n gbọ́ fúnra wọn, wọ́n ní kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni àwọn fi gbàgbọ́ mọ́. Àwọn méjì tí Jésù bá rìn lọ sí Émáúsì lẹ́yìn àjíǹde rẹ̀ ńkọ́? Alẹ́ ti lẹ́, síbẹ̀ wọn kò lè sùn síbẹ̀. Wọ́n dìde ní wákàtí kan náà, wọ́n padà sí Jerúsálẹ́mù láti lọ ròyìn ohun tó ṣe ní ọ̀nà. Ohun tó ṣe ní ọ̀nà, ẹ gbọ́ mi o. Wọn kò fo ọ̀nà kọjá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Tọ́másì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn fún un pé àwọn ti rí Olúwa tó jí dìde, ó ní àfi bí òun bá fi ojú rí i tí òun sì fi ọwọ́ kàn án. Ṣé Olúwa yìn ín fún ìyẹn? Àwọn tí kò rí tí wọ́n sì gbàgbọ́ ló pè ní alábùkún. Ìròyìn ni àwọn wọ̀nyẹn rí gbá mú, àwa náà sì wà lára wọn. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní 1995, nígbà tí Òṣogbo di dáyósíìsì tí Gabriel Abégúnrìn sì di bíṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́, kí ni wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ bí kò ṣe èyí tí a sọ fún wọn?

Èyí tó wù mí jù ni ti Lourdes, ní ilẹ̀ Faransé, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kátólíìkì ló ń yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀. Láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni wọ́n ti ń wá síbẹ̀, wọ́n ń ti aláìsàn nínú kẹ̀kẹ́ lọ sídìí ihò àpáta, wọ́n ń bu omi fún wọn, wọ́n sì ń bá wọn gbé àbẹ́là ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí èrò bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń ka Rósárì. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Lẹ́nu ọmọ ọdún 14 kan ni. Bernadette Soubirous lọ ṣẹ́gi lẹ́bàá odò ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1858, òun àti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan. Tálákà paraku ni àwọn òbí rẹ̀, yàrá kan tó ti jẹ́ ilé ẹ̀wọ̀n rí ni gbogbo wọn há sí. Ikọ́ fée ń bá ọmọ náà jà, kò sì mọ̀wé. Arẹwà Obìnrin kan, tí ìjọ gbà pé Màríà ni, fara hàn án níbi àpáta, ó rán an sí àwọn àlùfáà pé kí wọ́n kọ́ ilé àdúrà síbẹ̀, kí àwọn èèyàn sì máa tò wá. Ó lọ jíṣẹ́. Fadá jágbe mọ́ ọn, ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé ti ilé àdúrà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: nígbà tó délé tó rántí, ó tún padà lọ bá Fadá kan náà lọ́jọ́ kan náà láti sọ èyí tó kù! Ọlọ́pàá ti pè é, ó ti rò fún wọn. Wọ́n tún pè é, ó tún rò. Kò pọn dandan fún un kí wọ́n gbà á gbọ́, ó ṣáà ní wọ́n rán òun ni.

Ká ní ọmọ yẹn mí kanlẹ̀, tó ní "ẹnu ò lè sọ ọ́", tó jókòó, ta ni ì bá máa ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní Lourdes lónìí? Níhìn-ín ní Òṣogbo wa, ọsibítù Àgùdà tó wà ní Jálẹ́yẹmí, orúkọ Màríà ti Fátímà ló ń jẹ́. Fátímà wà ní Pọ́túgàlì. Àwọn ọmọ darandaran mẹ́ta ló ríran níbẹ̀ ní 1917. Ìròyìn ló gbé orúkọ yẹn rin ọ̀nà jíjìn títí tó fi dé ẹnu àwọn aboyún Òṣogbo.

 

Nílé tí a ti tọ́ mi, katikíìsì ni bàbá mi, kò sì sí ẹni tó ti ìrìn-àjò mímọ́ dé tó lè gba iwájú rẹ̀ kọjá wọ yàrá láìjábọ̀. "Ó dára" kì í ṣe àbọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o ti wọkọ̀. Ta lo jókòó tì? Òjò rọ̀ àbí kò rọ̀? Ibo lẹ ti jẹun, ta ló sanwó rẹ̀? Ta ni kò lè gòkè, ta ló dúró tì í? Ẹ máa rò pé ọ̀fíntótó ni. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá lọ kò lọ fún ara rẹ̀ nìkan. Ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn ti fún un ní owó àbẹ́là. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣòjòjò ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú bébà, ó ká a wẹ́wẹ́, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀." Oníṣẹ́ ni ẹni tó gba bébà yẹn, ó sì jẹ ẹni tó rán an ní èsì. Ẹ tún wá fẹ́ kó dé kó ní ẹnu ò lè sọ ọ́?

Òǹbéèrè kan náà sọ fún mi pé lẹ́yìn tí ọmọkùnrin yẹn jókòó, ọmọbìnrin kan dìde tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún. Ó ní ìyá arúgbó kan ni wọ́n fi sí òun lọ́wọ́ níbi Ọ̀nà Àgbélébùú, àdúrà tí à ń gbà láti ibùdó kan dé èkejì. Okùn sálúbàtà ìyá náà já ní agbedeméjì òkè. Ọmọbìnrin yìí ya etí gèlè rẹ̀, ó fi so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ìyá, ó ta á ní kókó méjì. Ìyá ní kó má fún un jù, iṣan òun ń dùn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kúnlẹ̀, yóò tún un so kí wọ́n tó dìde. Ó ní òun kò lè rántí ohun tí Fadá wàásù lé lórí lọ́jọ́ náà, àmọ́ òun mọ iye ìgbà tí ìyá dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Líbíà. Ìròyìn nìyẹn! Mo fi etí mi rí ẹsẹ̀ ìyá yẹn. Bí mo bá dé Ọ̀tan lọ́dún tó ń bọ̀, tí mo rí bí òkè ọ̀hún ṣe dúró gan-an, èmi ni n óò pa àtẹ́wọ́ pọ̀ tí n óò pa òwe.

Ohun tó ń ba àṣà yìí jẹ́ lóde òní, fóònù wà lára rẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò lójú ọ̀nà, wọ́n á yà á lórí òkè, wọ́n á ya ara wọn níwájú ère Màríà pẹ̀lú ìka méjì lókè. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp kí ọkọ̀ tó padà wọ Òṣogbo, wọ́n gbà pé àwọn ti jábọ̀ nìyẹn. Fọ́tò kò ní okùn sálúbàtà tó já nínú. Ẹni tó ń wò ó kò débẹ̀, a ò sì ròyìn fún un. Kò rí ìkankan dì mú nínú méjèèjì. Mo tilẹ̀ ń fura pé àwọn mìíràn kò lè ròyìn nítorí pé fóònù ló bá wọn rí i. Àwọn òbí náà kò sì béèrè mọ́. Ọmọ á dé, wọ́n á ní "ṣé o jẹun níbẹ̀?", ó parí.

Nítorí náà, ìwọ tó béèrè, sọ fún olùdarí ètò yín pé kó pe ọmọkùnrin yẹn padà. Kó má bi í bí ó ṣe rí lára rẹ̀, ìbéèrè yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa mí kanlẹ̀. Kó bi í pé ta ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́, àti pé bébà ta ló wà lápò rẹ̀ nígbà tó ń gòkè. Yóò sọ̀rọ̀.

Ní ti omi, àwọn ìyá yín ló jàre. Ẹni tó ti ọ̀nà dé, a kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mu omi. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, eruku ṣì wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo ló gbé bọ̀, á ti rí àyè mí kó tó sọ ọ́. Omi kò lọ́tàá, kò sí ẹni tí a gbé e fún tí yóò bínú. Ẹ jókòó, ẹ kú ewu ọ̀nà, omi rèé, ẹ mu, ó yá, ẹ máa wí. Bó ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn. Mo sì gbọ́ pé máltínà ni ẹ gbé fún wọn. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀yìn ìròyìn.