Ṣé lóòótọ́ ni rẹfirí ń gbè lẹ́yìn àwọn yunifásítì ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Houston ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Láti ìgbà tí Fẹ́mi ọmọ mi ti wọ yunifásítì ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti gba gbogbo Sátidé mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Yunifásítì Texas ni wọ́n ń ṣe nílé wa, ọ̀rọ̀ rẹfirí ló sì máa ń dájà sílẹ̀. Fẹ́mi ní SEC, líìgì tí Texas àti Georgia wà, kò fẹ́ kí Texas na Georgia ní Austin ní October 2024, pé ọpẹ́lọpẹ́ ìgò tí àwọn èèyàn jù sórí pápá ni wọn ò fi fi ẹ̀tọ́ dù wọ́n. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹni tó pàdánù nìyẹn. Èmi ò mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣègbè? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ àṣìṣe yàtọ̀ sí èrú? Ibo la sì lè gbé ẹjọ́ wa lọ? Ìyá Fẹ́mi, Houston.

Ìdáhùn: Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú àbójútó ilé. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wọ ẹ̀wù onílà dúdú àti funfun lórí pápá àwọn iléèwé girama àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké níbí ní Texas. Ní báyìí, àwọn rẹfirí tuntun ni mo ń kọ́ níṣẹ́. Ara wọn ni mí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Austin. Ọjọ́ 19 October 2024 ni. Texas ló wà nípò kìíní lórílẹ̀-èdè nígbà yẹn, July ọdún náà gan-an ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SEC. Ní kúọ́tà kẹta, Georgia ti ní 23, Texas ní 8, ni Jahdae Barron ti Texas bá já bọ́ọ̀lù tí Carson Beck ti Georgia jù gbà, ó sì gbé e sáré títí ó fi ku yáàdì mẹ́sàn-án kó dé òpin pápá. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹ́lò tí rẹfirí máa ń jù láti pe fáwùlù ti wà nílẹ̀: wọ́n ní Barron ti dí ẹni tí bọ́ọ̀lù ń lọ bá lọ́wọ́. Ni ìgò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Eré dúró, wọ́n ń ṣa ìgò kúrò lórí pápá, àwọn rẹfirí forí korí, wọ́n sì kéde pé kò sí fáwùlù mọ́. Texas gba touchdown, ìyẹn ni pé wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, ó di 23 sí 15. Síbẹ̀, Georgia ló lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, 30 sí 15.

Fẹ́mi jàre níbì kan. SEC fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn eré pé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Òfin sì gba àwọn rẹfirí láàyè láti jíròrò kí wọ́n sì gbé aṣọ tí wọ́n ti jù, níwọ̀n ìgbà tí ìgbìyànjú tó kàn láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú kò bá tíì bẹ̀rẹ̀. Fídíò kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí irú fáwùlù yẹn kò sí lára ohun tí wọ́n ń fi fídíò yẹ̀ wò nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì. Ohun tó dùn mí ni àsìkò tí wọ́n fi ṣe é. Ìjíròrò tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ wá bọ́ sẹ́yìn òjò ìgò, ó wá dà bíi pé ìgò ló dájọ́. Kirby Smart, kóòṣì Georgia, sọ ìbínú rẹ̀ síta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ẹgbàágbèje ọmọ ìyá èèyàn ló wà lórí ìjókòó wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ tó ń sáré lórí pápá sì lè fi ojú gba ìgò. SEC bu ìtanràn $250,000 lé Texas lórí. Ṣùgbọ́n ẹ bi Fẹ́mi léèrè ọ̀rọ̀ kan fún mi: bí SEC bá ti pinnu láti fi ẹ̀tọ́ dù wọ́n, kí ló dé tí rẹfirí SEC fi dá ẹ̀tọ́ náà padà lójú èrò tó lé ní 100,000?

Ní ti ìfura fúnra rẹ̀, mi ò lè sọ pé kò nídìí. NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ló ń ṣe òfin eré, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń gba rẹfirí síṣẹ́. Àwọn líìgì tí wọ́n ń pè ní conference, bíi SEC, Big Ten, ACC àti Big 12, ló ń gbà wọ́n. Líìgì ló ń sanwó fún wọn, òun ló ń pín eré fún wọn, òun náà ló ń fún wọn ní máàkì. Líìgì kan náà yìí ló ń jèrè tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dé ìdíje ìparí ọdún. Ẹ wo baálé ilé tó jókòó láti parí ìjà láàárín ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ará àdúgbò. Ó lè jẹ́ olódodo pátápátá, ará àdúgbò ṣì máa fura.

Ní ọjọ́ 16 September 2006, Oklahoma lọ bá Oregon lálejò ní Eugene. Pac-10, líìgì Oregon nígbà yẹn, ní òfin pé rẹfirí tàwọn ni kó máa ṣe eré tí àlejò bá wá sílé wọn. Oklahoma ní 33, Oregon ní 27, ó ku bí ìṣẹ́jú kan. Oregon rọra gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú kí wọ́n lè gbà á padà. Ọmọ Oregon fara kàn án kó tó rin yáàdì mẹ́wàá tí òfin sọ, ọmọ Oklahoma ló sì gbá a mú níkẹyìn. Oregon ni wọ́n fún. Wọ́n wo fídíò, ìdájọ́ ò yí padà. Oregon borí, 34 sí 33. Pac-10 tọrọ àforíjì, wọ́n ní kí àwọn rẹfirí náà lọ jókòó sílé fún eré kan, nígbà tó yá òfin rẹfirí onílé yẹn náà sì kógbá sílé. Ẹni tó wà nídìí fídíò gba ìpè pé wọ́n máa pa á, nínú ilé rẹ̀.

Ọdún 2009 ni SEC tirẹ̀ ṣẹlẹ̀. Florida ò tíì pàdánù kankan, Arkansas sì ń fún wọn lọ́rùn, ni rẹfirí bá ju aṣọ mọ́ ọmọ Arkansas kan fún ohun tí fídíò kò gbè lẹ́yìn. Florida borí, 23 sí 20. Àwọn rẹfirí yìí náà ló ṣe eré LSU àti Georgia ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí wọ́n fi ìyà jẹ Georgia nítorí pé A.J. Green yọ̀ nígbà tó gba touchdown. SEC dá gbogbo wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Bí mo bá jẹ́ ará Arkansas, èmi náà á bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ti Central Michigan àti Oklahoma State ní September 2016. Àkókò ti tán, eré ti parí, wọ́n tún wá fún Central Michigan ní àǹfààní kan tí òfin kò fún un, wọ́n sì fi í borí, 30 sí 27. MAC, líìgì Central Michigan, ló ni àwọn rẹfirí orí pápá. Big 12, líìgì Oklahoma State, ló ni àwọn tó wà nídìí fídíò. Apá méjèèjì ni òfin náà fò lórí, wọ́n sì dá apá méjèèjì dúró. Ní 1990 ńkọ́? Colorado lọ sílé Missouri, àwọn rẹfirí ṣì í kà, wọ́n fún Colorado ní ìgbìyànjú márùn-ún dípò mẹ́rin, àlejò sì borí onílé, 33 sí 31. Èsì náà kò yí padà, Colorado sì pín ife ìdíje orílẹ̀-èdè lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kíkà ló já mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mi ò tíì rí ẹ̀rí kankan pé líìgì kan pe rẹfirí sí kọ̀rọ̀ pé kó bá òun gbé ẹgbẹ́ kan débi gíga. Ohun tí mo gbà pé ó wà ni ègbè tí ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ní 2002, àwọn olùwádìí kan ní England fi fídíò eré Liverpool àti Leicester han 40 rẹfirí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan gbọ́ ariwo èrò, wọ́n pa ariwo fún àwọn yòókù. Fáwùlù tí àwọn tó gbọ́ ariwo pè mọ́ ẹgbẹ́ onílé fi bíi 15% kéré sí ti àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní rìbá.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Alẹ́ Friday kan, ní ìlú kékeré kan, mo ju aṣọ mọ́ ẹgbẹ́ onílé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, gbogbo èrò dìde, wọ́n ń bú mi tìyátìyá. Ìgbà kẹta, fáwùlù náà ṣẹlẹ̀ níwájú mi gan-an. Ọwọ́ mi dé ìbàdí, aṣọ ò jáde. Mo sọ fún ara mi pé mi ò rí i dáadáa. Nígbà tí mo wo fídíò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé ojú mi wà lára rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Títí dòní ni mo máa ń fi fídíò yẹn han àwọn tí mò ń kọ́.

Fáwùlù tó ń dá ariwo sílẹ̀ jù nilé yín, mo lè búra, ni holding, kí èèyàn di alátakò mú láìtọ́. Àwọn ọmọ wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ dídáàbò bo quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù: Olumuyiwa Fashanu ṣe é ní Penn State, Olusegun Oluwatimi náà ṣe é ní Michigan, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Outland ní 2022. Iṣẹ́ wọn ni láti dá àwọn géńdé tó ń bọ̀ wá wó quarterback mọ́lẹ̀ dúró. Òfin gbà kí wọ́n fi ọwọ́ ti àyà ẹni náà. Bí ọwọ́ bá bọ́ sí èjìká tàbí ẹ̀yìn, tó sì fà á padà, fáwùlù ni, yáàdì mẹ́wàá. Bí a bá fẹ́ pe gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, eré ò ní parí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà, a máa ń kọ́ rẹfirí pé kó pe èyí tó ní ipa lórí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí ẹni tí wọ́n dì mú bá wà lápá òsì, tí bọ́ọ̀lù sì ti gba apá ọ̀tún lọ, a ó kìlọ̀ fún ọmọ náà, a ó sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé á wá rí ohun kan náà tí wọ́n pè mọ́ tiyín, tí wọn ò pè mọ́ tiwọn. Ibi tí rẹfirí ti ń fi òye ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ báyìí ni ègbè lè sá pamọ́ sí, bó bá wà.

Rẹfirí mẹ́jọ ló ń ṣọ́ àwọn 22, ìgbìyànjú kan kì í sì sábà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Ẹyọ kan nínú wọn kì í tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kiri bíi kámẹ́rà. Kálukú ló ní àwọn tó gbọ́dọ̀ fojú sí lára. Bí wọ́n bá sì wo fídíò, ẹ fetí sí ohun tí rẹfirí máa kéde. “Confirmed” túmọ̀ sí pé fídíò jẹ́rìí sí i. “Stands” túmọ̀ sí pé fídíò kò fi ẹ̀rí tó dájú hàn lápá kankan, nítorí náà ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ló dúró. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ìkejì yìí bíi pé rẹfirí sọ pé òun jàre.

Bí Fẹ́mi bá fẹ́ mọ̀ bóyá ègbè wà, kó yé ka iye aṣọ tí wọ́n jù. Ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù jíjìn máa ń jẹ́ kí alátakò ṣe fáwùlù dídí lọ́wọ́ ju ẹgbẹ́ tó ń sáré lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ máa ń jìyà jù. Kó gba eré sílẹ̀, kó kọ kúọ́tà àti àkókò, kó wá ìṣe kan náà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì, pàápàá èyí tó ṣe tiwa láǹfààní. Apá ìkẹyìn yẹn ló máa ń nira jù fún gbogbo wa.

Ní ti ẹjọ́, kò sí tábìlì tí olólùfẹ́ lè gbé e lé. Kóòṣì ló ń fi àwọn fídíò tó ń kọ ọ́ lóminú ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì líìgì, wọ́n á sì dá a lóhùn. Wọ́n ń fún rẹfirí ní máàkì lórí gbogbo eré, máàkì yìí náà ni wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò ṣe eré ìparí ọdún, níbi tí wọ́n ti ń lo rẹfirí láti líìgì tí kò ní ọmọ nínú eré náà. Ṣùgbọ́n aráàlú kì í rí máàkì yẹn. Ohun tí mo gbà pé ó yẹ kẹ́ ẹ bá wọn fà nìyẹn. Fẹ́mi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì eré ìdárayá yunifásítì rẹ̀ pé kí líìgì wọn máa ṣàlàyé àwọn ìpè ńlá lọ́jọ́ kejì eré. Ó ṣeé ṣe: ní 2025, ACC bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n gbọ́ ohun tí àwọn tó ń yẹ fídíò wò ń bára wọn sọ. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá orúkọ rẹfirí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti máa halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wọn ní iṣẹ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ nílé.

Ẹ sọ fún Fẹ́mi pé àwọn ìdíje ọmọdé máa ń wá ẹni tí yóò fun fèrè láàárọ̀ Sátidé, kí ti Texas tó bẹ̀rẹ̀. Kó gba ọ̀kan ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, kó wá kọ̀wé sí mi nípa ìpè tó ṣe nígbà tí ìyá ọmọ kan ń pariwo mọ́ ọn létí pápá.