Fóònù ní kí n ṣe update, oníṣẹ́ ọjà ní kí n má dán an wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Fóònù Android ni mò ń lò, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí mo rà á. Ó tó oṣù méjì báyìí tó ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n ṣe update, mi ò sì dá a lóhùn. Ìdí ni pé ọmọ mi tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́ ṣe update sí tirẹ̀, láti ọjọ́ náà ni fóònù ọ̀hún ti ń gbóná bí ààrò, bátìrì rẹ̀ kì í sì í di ọ̀sán. Oníṣẹ́ fóònù kan ní Ọjà Ọba sọ fún mi pé àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń mọ̀ọ́mọ̀ fi update ba fóònù jẹ́ kí á lè ra òmíràn ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, áàpù báńkì mi kọ̀, kò ṣí mọ́, ó ní àfi kí n gba tuntun. Ẹ̀rù ń bà mí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń wo owó ìfẹ̀yìntì mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àfaradà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ó lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Adó, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í gbé ọ̀rọ̀ yìí jókòó síwájú mi. Áàpù báńkì yẹn, ẹ gba tuntun rẹ̀ lónìí, inú Play Store nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Update ti fóònù fúnra rẹ̀, ẹ óò ṣe òun náà, àmọ́ ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan, nítorí iṣẹ́ wà tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe.

Oníṣẹ́ tó bá yín sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba, kì í ṣe irọ́ funfun báláú ló pa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Apple, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iPhone, gbé iOS 10.2.1 jáde (iOS ni software tó ń darí iPhone, bí Android ṣe ń darí ti yín), wọ́n sì fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, irú bíi iPhone 6 àti 6s, kó má baà máa kú lójijì. Wọn ò là á yé àwọn tó ń lò ó. Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà ni àṣírí tú. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì já owó bátìrì tuntun wálẹ̀ láti dọ́là 79 sí dọ́là 29. Ní 2020, ìjọba Faransé ní kí wọ́n san ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò. Wọ́n bu ìtanràn lé Samsung náà ní Ítálì ní 2018, nítorí update tí wọ́n ní kí àwọn tó ní Galaxy Note 4 gbà, tó wúwo ju ohun tí fóònù náà lè gbé lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 náà, Google fi update kan ránṣẹ́ sí Pixel 4a, fóònù tí àwọn fúnra wọn ṣe, bí ọ̀pọ̀ ṣe gbà á tán ni bátìrì wọn ò lè pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí kò jẹ̀bi tó bá ń sá fún òkùn.

Àmọ́ ẹ tún ìtàn iPhone yẹn yẹ̀ wò. Bátìrì ti gbó kí update tó dé. Ẹni tó pààrọ̀ bátìrì, eré fóònù rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ibẹ̀ ni ọ̀nà èmi àti oníṣẹ́ Ọjà Ọba ti yà.

Bí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba update ńlá tán, ẹ má rò pé ó ti parí iṣẹ́ nígbà tó bá tan padà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó ń tún áàpù kọ̀ọ̀kan ṣe kó lè bá Android tuntun mu, ó tún ń to àwòrán àti fídíò, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, yóò máa gbóná, yóò sì máa jẹ bátìrì. Tí bátìrì bá ṣì lágbára, onífóònù lè má mọ̀ rárá. Tí bátìrì bá ti rẹ̀, àárín ọjọ́ méjì yẹn ni gbogbo ènìyàn máa rí i, wọn óò sì ní update ló pa á. Ó dà bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, tó wá bẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wà á gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ṣé òkè ló bẹ́ táyà?

Bátìrì lithium tó wà nínú fóònù wa, kíkà ni ọjọ́ ayé rẹ̀. Apple fúnra wọn kọ ọ́ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí a bá ti lò ó tán tí a sì kún un padà ní ìgbà 500, ó máa ku bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Láti iPhone 15 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 1000. Ọmọ yunifásítì tó ń lo fóònù láti àárọ̀ di òru, tó ń gbá géèmù nígbà tí fóònù wà lórí iná, tó sì ń sùn lé e lórí, ọdún kan àbọ̀ ti tó fún un láti lo 500 yẹn tán. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ iná wa kún un. Tí NEPA bá mú iná dé láago méjì òru, gbogbo ilé á ki fóònù bọ iná títí ilẹ̀ óò fi mọ́, lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà mìíràn. Ooru ló ń pa bátìrì ju ohunkóhun lọ. Lójú tèmi, ṣáájà ayédèrú olówó pọ́ọ́kú tó ń gbóná lọ́wọ́ ti ba bátìrì jẹ́ ní Èkìtì ju gbogbo update tí wọ́n tíì ṣe lọ.

Ohun kejì tí mo fura sí ni àyè inú fóònù. Fóònù tó kún dé ẹnu kò rí ibi mí nígbà update. Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa lẹ ní ẹjọ́ yìí lọ́rùn jù. Mo tún fóònù ìyá kan ṣe ní Àjílósùn, àwòrán “ẹ káàárọ̀, Olúwa á gbọ́ àdúrà wa” tó wà nínú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, òdòdó lára gbogbo wọn. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ lọ sí “Settings”, lẹ́yìn náà “Storage and data”, ẹ wá tẹ “Manage storage”. Yóò to àwọn fídíò ńláńlá fún yín láti orí èyí tó tóbi jù. Ẹ pa èyí tẹ́ ẹ ò nílò rẹ́ títí àyè tó ṣófo á fi tó bíi 8GB, ó kéré tán.

Ní ti ìdí tí ẹ fi nílò update náà, mo máa lo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù keje ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ààbò sọ fún ayé nípa àléébù kan nínú Android tí wọ́n pè ní Stagefright. Èèyàn lè fi fídíò ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn lórí àtẹ̀jíṣẹ́, kó sì gba inú rẹ̀ wọlé kí onífóònù tó mọ̀ pé nǹkan dé. Oṣù kẹjọ tó tẹ̀ lé e ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí fóònù yín ń pariwo lé lórí, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ihò ni wọ́n ń dí. Ọwọ́ ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lórí fóònù kò gbọdọ̀ wà níbi tí ihò wà.

Báńkì yín náà, ohun tó ń sá fún nìyẹn tó fi ti áàpù àtijọ́ pa. WhatsApp ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: láti 24 oṣù kẹwàá 2023, kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android tó bá wà nísàlẹ̀ 5.0. Láti 5 oṣù karùn-ún 2025, iPhone tí kò bá lè gba iOS 15.1 kò rí i lò mọ́, ìyẹn sì lé iPhone 5s, 6 àti 6 Plus jáde.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ óò ṣe ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín fi ọ̀rọ̀ WhatsApp àti àwòrán pamọ́ sórí àkáǹtì Google yín. Ẹ wo bí update náà ṣe tóbi tó, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Tó bá ti lé ní 1GB, ẹ dúró de òru tí dátà alẹ́ rọjú, tàbí kí ẹ bá ẹni tó ní Wi-Fi sọ̀rọ̀. Bátìrì kó ju ìdajì lọ, fóònù kó sì wà lórí pawabáǹkì, kì í ṣe lórí iná tó lè lọ nígbàkigbà. Mo ti gba ìyà yẹn rí: mò ń fi kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì gbé software tuntun sínú fóònù oníbàárà kan, iná lọ ní ìdajì iṣẹ́, fóònù náà di òkúta. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi jí i dìde, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Android òde òní ń gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó fi àtijọ́ sílẹ̀, nítorí náà wọn kì í tètè kú bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ẹ má fi ṣeré.

Ọgbọ́n kan tí èmi ń lò: tó bá jẹ́ àtúnṣe ààbò kékeré, mo ń gbà á lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ Android tuntun pátápátá, mo ń dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn tó yára fi ojú wọn rí i ná. Ní 22 oṣù kẹta ọdún 2021, update kékeré kan tí Google fi ránṣẹ́ sí apá kan tí wọ́n ń pè ní WebView, èyí tí áàpù fi ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nínú ara wọn, mú kí áàpù rẹpẹtẹ máa ti ara wọn pa lórí Android, títí kan Gmail. Wọ́n tún un ṣe kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró díẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, Màmá. Update gidi kì í wá láti ọ̀dọ̀ ènìyàn. Tí ẹ bá ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí nǹkan pupa kan sì fò jáde pé kòkòrò ti wọ fóònù yín, kí ẹ tẹ ibí fún update, olè ni. Tí ẹnìkan bá fi áàpù báńkì “tuntun” ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, olè ni, ì báà jẹ́ nọ́ńbà ọmọ ìjọ yín ló gbà wá, torí wọ́n lè ti gba WhatsApp onítọ̀hún. Inú “Settings” fóònù ni ti fóònù wà, inú Play Store ni ti áàpù wà. Ẹni tó bá sì pè yín pé báńkì ni òun, kí ẹ ka nọ́ńbà àṣírí tó wọlé sórí àtẹ̀jíṣẹ́ yín fún òun kí update lè parí, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lójú.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ ò fiyè sí. Fóònù tí wọ́n ṣì ń fi update ránṣẹ́ sí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tíì gbàgbé rẹ̀. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ọjọ́ tí kò bá béèrè mọ́. Ẹ wo “About phone” nínú “Settings”, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí iwájú “security update”. Tó bá ti ju ọdún kan lọ, tí kò sì sí tuntun tó ń bọ̀, ẹ máa lò ó fún ìpè àti fún orin, kí ẹ yọ báńkì kúrò lórí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ọmọ wa jà lórí fóònù tòkunbọ̀. Ọ̀dọ́ á wá bá mi pẹ̀lú iPhone XR tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, á ní òun kò lè lo Android tuntun, ojú á ti òun. Ọdún 2018 ni XR jáde. iOS 26 tó dé ní oṣù kẹsàn-án 2025 kò gbà á, iPhone 11 ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé XR kú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á lónìí ń ra ìkẹyìn ọjọ́ ayé rẹ̀ lówó gọbọi. Google ṣèlérí update ọdún méje fún Pixel 8 ní 2023, Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní 2024. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà wa kì í rí tó ìyẹn gbà, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ọdún mélòó ló kù. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ fi owó yín sápò.

Ní ti ọmọ yín tó wà ní Ọ̀yẹ́, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá Android rẹ̀ padà sí ti àtijọ́, torí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́. Tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí fóònù ṣì ń gbóná, kó wo “Battery” nínú “Settings”, kó wo áàpù tó ń jẹ iná jù. Tí kò bá sí áàpù tó dá yàtọ̀, kó tẹ́ fóònù náà sórí tábìlì, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti ń yọ gbùngbùn. Tó bá ti yọ, kó pa á, kó má ki í bọ iná mọ́, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan gún un. Kó kàn gbé e wá sí Adó fún mi bó ṣe rí.