Èsì: Sísọ̀kalẹ̀ òkè ni kí ẹ múra sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní títì tí ẹ ń sá ní Ìjẹ̀bú-Òde tẹ́jú jù, mátọ́ọ̀nù tí ẹ sì fẹ́ lọ sá, eré ọ̀nà jíjìn kìlómítà 42.195, orí òkè ló wà. Ẹ wá béèrè bí ẹ ó ṣe múra sí i.

Gígun òkè kọ́ ló ń dá eléré dùbúlẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń nà, ó sì tún ń sún kì láti dá ara dúró. Ibẹ̀ ló ti ń ya wẹ́wẹ́. Tó bá di kìlómítà 30, orúnkún á máa gbọ̀n. Ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó tó mítà 200. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ẹ má rìn sọ̀kalẹ̀ o, ẹ sáré: ìgbésẹ̀ kéékèèké, kí ẹsẹ̀ balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí, kì í ṣe níwájú. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí eré náà wáyé.

Lọ́jọ́ eré, tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ gbàgbé aago. Tí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹ rìn díẹ̀.

Ní ti oúnjẹ lẹ́nu eré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí méjì ní wákàtí kan tó. Gàrí Ìjẹ̀bú dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún láàárọ̀ eré. Ó ń wú nínú.